Abdou Moumouni Dioffo: Olùkọ́ tí Ó Fi Oòrùn Ṣe Ìwé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe àwọn baba wa yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo pinnu láti sọ ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí tọmọdé tàgbà ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdou Moumouni Dioffo ni mò ń wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, àdúgbò kan wà ní Niamey tí à ń pè ní Poudrière, èyí tí í ṣe ilé ẹ̀tù ìbọn ní èdè Faransé. Ọmọ àdúgbò yìí tí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì ní láti rékọjá Odò Ọya, nítorí pé òdìkejì odò ni yunifásítì náà wà, orúkọ Abdou Moumouni ni ó sì ń jẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa bá ìyá rẹ̀ sọ Zarma, kí ó máa fi Hausa nájà, kí ó sì máa fi Faransé kàwé. Nígbà tí ó bá wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti kọ́ bí a ti í kọ ètò iṣẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá níbẹ̀. Èdè mẹ́rin fún orí kan ṣoṣo! Irú ẹrù báyìí ni Abdou Moumouni ti rí lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kí kọ̀ǹpútà tó di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fọwọ́ kàn.

Ní ọdún 1929 ni a bí i ní Tessaoua, nígbà tí Niger ṣì wà lábẹ́ àkóso àwọn Faransé. Ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ tí ó sì ráyè wọ̀ ọ́, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ ògbufọ̀ àti iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìjọba ni a sábà ń múra wọn sílẹ̀ fún. Orí ọmọ yìí pé, ìwé rẹ̀ sì dá ṣáká. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Dakar dé Paris.

Ní Paris, ìmọ̀ físíìsì ni ó yàn láàyò. Ìdánwò kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní agrégation, tí a fi ń ṣa àwọn olùkọ́ tí ó mòye jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílùú pàápàá ni ó máa ń ṣubú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1956, Abdou Moumouni yege nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì, òun sì ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso tí ó gba oyè náà nínú ìmọ̀ físíìsì. Kò fi ìwé nìkan ṣe ìgbé ayé rẹ̀ ní ìlú òyìnbó; ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Faransé sílẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú PAI tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1957 láti jà fún òmìnira. Ìlànà Marx ni ó tẹ̀lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì bá a fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Síbẹ̀, àwọn tí kò gba ti òṣèlú rẹ̀ kò lè sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ì bá jókòó sí Paris kí ó máa jẹun gbẹ̀fẹ́. Abdou Moumouni padà wálé. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilẹ̀ Áfíríkà; ó lọ sí Moscow láti kọ́ nípa agbára oòrùn; ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwádìí ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali. Ní ọdún 1964 ni ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jáde ní Paris. Nínú rẹ̀ ni ó ti gbé ẹ̀kọ́ àbáláyé wa yẹ̀ wò, ẹ̀kọ́ tí kò ya ọmọ kúrò nínú iṣẹ́ àti àwùjọ àwọn òbí rẹ̀, ó sì fi hàn bí ẹ̀kọ́ àwọn amúnisìn ti kùnà. Ó tẹnu mọ́ ọn pé èdè abínibí wa gbọ́dọ̀ di èdè tí a fi ń kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bí a ti í pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ó máa ṣe ohun kan léraléra títí yóò fi tó gẹ́ẹ́. Bí a bá fi èdè àjèjì kọ́ ọmọ, ó lè há a sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta jéró lọ́jà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: bí àpò kò bá tíì kún, bu òṣùwọ̀n kan sí i, kí o sì tún wò ó, bí ó bá ti kún, di ẹnu rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ìmọ̀ tuntun. Èyí tí ó ti wà nílé ni ó ń fún ní orúkọ.

Ọ̀pọ̀ òbí ni yóò wí pé bí a bá fi èdè ilé kọ́ ọmọ, kò ní rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, nítorí pé èdè òyìnbó ni ó ń gbé owó wálé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí Abdou Moumouni kọ sínú ìwé, Ifẹ̀ fi ojú rẹ̀ hàn.

Òun náà kò dúró lórí ìwé nìkan. Láti ọdún 1969 ni ó ti ń darí ilé iṣẹ́ agbára oòrùn ní Niamey, tí à ń pè ní ONERSOL nígbà náà. Kò sí epo tí ó ń yọ ní Niger nígbà náà, ṣùgbọ́n oòrùn pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò tán. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbé omi kaná. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: irin tí a kùn ní dúdú ń gba ooru, gíláàsì tí ó bò ó kò jẹ́ kí ooru náà sá lọ, omi inú páìpù a gbóná, a sì gòkè lọ sínú àgbá. Ọmọ tí ó ti fọwọ́ kan irin dúdú ní ọ̀sán gangan ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

Láti ọdún 1979 sí 1982 ni ó jẹ́ olórí yunifásítì Niamey. Ọlọ́jọ́ dé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1991. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì náà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, orúkọ lára ògiri kò tó. Bí ọmọ Poudrière bá rékọjá odò lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí kò sì lè ṣàlàyé ohun tí ó kọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé, iṣẹ́ Abdou Moumouni kò tíì parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ wa ní Ìbàdàn àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ náà ti ilé wá.