Gustave Eiffel àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́: ta ló ni èrò òṣìṣẹ́?

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ta ni kò tíì rí àwòrán ilé irin gíga tó wà ní Paris? Ó wà nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ, ó wà lórí kàlẹ́ńdà, ó wà lára aṣọ àti báàgì tí wọ́n ń tà lọ́jà. Tour Eiffel ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ènìyàn ni Eiffel. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ oṣù lábẹ́ ọ̀gá fún bí ọdún mẹ́sàn-án kó tó dá dúró, àti pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ ya àwòrán ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì ló rò ó. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Cotonou, ní Lomé àti ní Èkó kò níye, ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn yìí wá.

Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1832 ni wọ́n bí Gustave Eiffel ní ìlú Dijon, ní ilẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ ti ṣe sójà rí. Ìyá rẹ̀ gan-an ni oníṣòwò. Èédú ló ń tà, kì í sì í ṣe èédú orí igbá o: èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó kiri fún àwọn ilé-iṣẹ́. Òwò náà gbilẹ̀ débi pé bàbá fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Kétu ti mọ irú ilé tí ọmọ yìí ti jáde.

Ní ti ìwé, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gba bó ṣe fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Polytechnique ló ń lé, wọn kò gbà á. Ó lọ sí École Centrale ní Paris, ó sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ní ọdún 1855. Ìmọ̀ àpòpọ̀ oògùn, èyí tí wọ́n ń pè ní chimie, ló kọ́ jù, nítorí bàbá rẹ̀ kékeré kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí kíkan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pèsè àyè sílẹ̀ dè é. Ìjà ẹbí bẹ́ sílẹ̀, àyè náà bọ́. Ọmọ gba ìwé ẹ̀rí tán, kò ríṣẹ́. Ló bá kọrí sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ọkọ ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń darí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ irin.

Ní ọdún 1856 ni Charles Nepveu, ọkùnrin kan tó ń ṣe ohun èlò rélùwéè ní Paris, gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ló gbé fún un. Kò pẹ́ rárá tí gbèsè fi wọ Nepveu lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Ẹlòmíì ì bá ti gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò já ara wọn sílẹ̀. Nepveu wá àyè fún un ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè mìíràn, níbi tó ti ya àwòrán afárá irin rẹ̀ àkọ́kọ́, afárá kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 22. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ra ohun tó kù lọ́wọ́ Nepveu, wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀gá ní Paris, òun náà sì pe Eiffel padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ilé-iṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù yìí gba iṣẹ́ afárá rélùwéè kan ní Bordeaux, lórí odò Garonne. Gígùn afárá náà tó mítà 500. Ní ọdún 1858, wọ́n fi Eiffel sí ìdí iṣẹ́ náà, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 26. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe irin òkè, òpó ìsàlẹ̀ ni. Báwo lèèyàn ṣe ń ri òpó mọ́lẹ̀ nínú odò tó ń ṣàn, níbi tó jìn tó mítà 25 sísàlẹ̀ omi?

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Wọ́n á gbé ọ̀pá irin ńlá kan, tó fẹ̀ bíi kànga, sínú odò. Wọ́n á fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ gidigidi, títí atẹ́gùn náà á fi ti omi jáde láti ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀pá yìí, wọ́n á máa wa ẹrẹ̀ lórí ilẹ̀ tí omi ti kúrò, tí odò sì ń ṣàn lọ lókè orí wọn. Bí wọ́n ṣe ń wà á ni ọ̀pá ń rì. Tó bá ti kan ilẹ̀ líle, wọ́n á rọ sìmẹ́ǹtì àti òkúta dí i, ó di òpó. Eiffel kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tíì lò ó lásìkò yẹn kò pọ̀. Ó tún fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi tẹ nǹkan kún un, kí àwọn ọ̀pá náà lè tètè wọlẹ̀. Wọ́n ń sọ títí di òní pé òṣìṣẹ́ kan já sódò lọ́jọ́ kan, pé Eiffel fò sínú omi tẹ̀ lé e, ó sì yọ ọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1860, Nepveu fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Gbogbo ẹrù wá kù sí Eiffel lọ́rùn. Lọ́dún yẹn gan-an ló parí afárá náà, rélùwéè sì gba orí rẹ̀ kọjá títí di ọdún 2008.

Lọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ kí òṣìṣẹ́ sọ pé iṣẹ́ bàbá òun kọ́. Wọ́n tún ní a kì í làágùn nídìí iṣẹ́ ọba. Afárá Bordeaux kì í ṣe iṣẹ́ bàbá Eiffel. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ló gba iṣẹ́, àwọn ló ni èrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ parí, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ri òpó sínú odò? Ta ló mọ iye ọjọ́ tí ogún èèyàn fi ń ṣe nǹkan báyìí, àti iye tí irin ń náni? Ta ni àwọn ọ̀gá rélùwéè ti mọ̀ lójú? Ìyẹn kò sí nínú owó oṣù, kò sì sí ọ̀gá tó lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún olówó o. Ohun tí Eiffel ṣe yàtọ̀: ó gba owó oṣù rẹ̀, ó sì tún ń gba ìmọ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Ní ọdún 1865 Eiffel kúrò níbẹ̀, nígbà tí ọdún 1866 sì ń parí lọ ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ní Levallois, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Ní 1868 ó bá Théophile Seyrig da òwò pọ̀. Seyrig ló ní owó, ó sì tún mọ iṣẹ́. Afárá Maria Pia tó mú orúkọ Eiffel kàn ní ilẹ̀ Pọtogí, tí wọ́n parí ní 1877, ọpọlọ Seyrig wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n tú ká. Lónìí, ta ló tún ń dárúkọ Seyrig?

Ọdún tí Seyrig lọ, 1879, ni Maurice Koechlin dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ní Zurich, ní Súwísì, ni. Òun ni Eiffel fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ìṣirò, tí wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́. Ère obìnrin tó gbé iná lọ́wọ́ ní New York, ní Amẹ́ríkà, eegun irin wà nínú rẹ̀. Koechlin ló ṣe ìṣirò eegun yẹn.

Ní 1884, ariwo ti gba ìlú pé wọn yóò ṣe ìpàtẹ ńlá ní Paris lọ́dún 1889, láti fi rántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Koechlin àti ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, Émile Nouguier, jọ ń ro ohun tó lè fa èrò wá síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí. Ìwé kan wà tí Koechlin ya nǹkan sí, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1884 ló wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló yà, tí wọ́n fẹ̀ síra wọn nílẹ̀, tí wọ́n ń súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń gòkè, kí ìjì má baà bì wọ́n ṣubú, títí wọ́n fi pàdé lókè ní mítà 300. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó to ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame, ère New York àti àwọn ilé mìíràn léra wọn lórí, kí ẹni tó bá wò ó tètè mọ bó ṣe máa ga tó.

Wọ́n gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó, kò wù ú. Àmọ́ ó ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa bá a lọ.

Ibí yìí ni òṣìṣẹ́ púpọ̀ máa ń ká ẹní wọn. Àwọn méjèèjì kò ká a. Wọ́n mú àwòrán náà lọ bá Stephen Sauvestre, ayàwòrán ilé tó wà pẹ̀lú wọn. Irin lásán ni nígbà yẹn, bí òpó iná mànàmáná. Sauvestre fi irin títẹ̀ bí òṣùmàrè so àwọn ẹsẹ̀ náà pọ̀ nísàlẹ̀, ó fi yàrá sí i, ó ṣe orí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Eiffel rí i lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ là.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n gba ìwé brevet lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé lágbájá ló ni èrò kan. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Eiffel, Nouguier, Koechlin. (Orúkọ Sauvestre kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ̀ ọ́ láṣọ.) Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Eiffel ra ìpín àwọn méjèèjì. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé ni àdéhùn wọn. Bí ilé náà ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ó rẹ́ wọn jẹ ni? Tá a bá wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe gba gbogbo ayé, tí a kò sì gbọ́ tiwọn, a lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Eiffel náà kó lé orí. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1887, orúkọ ara rẹ̀ ló fi wọ̀ ọ́, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba fún un ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ fáráǹkì. Iye tí wọ́n rò pé yóò ná wọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Òun ni yóò wá ìyókù, wọ́n sì fún un ní 20 ọdún láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ gòkè. Bí irin náà bá wó, bí èrò kò bá wá, òun ni gbèsè yóò pa, kì í ṣe Koechlin. Àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ńlá ńlá ní Paris kọ̀wé bú ilé náà pé yóò ba ojú ìlú jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1888, àwọn tó ń gun irin dá iṣẹ́ dúró nítorí owó, ó di dandan kó fi kún owó wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1889 ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn 1,710 lọ ta àsíá sórí rẹ̀. Kí ọdún ìpàtẹ tó parí, owó tí èrò san ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo owó tí òun àti àwọn alájọpín rẹ̀ fi sí i padà.

Nítorí náà, ojú tiwa ni pé ẹni tó ru ewu náà lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè rẹ̀. Ní ti orúkọ, a kò gbà. Orúkọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ 72 ni Eiffel kọ sára ilé náà yí ká. Koechlin kò sí níbẹ̀, Nouguier kò sí níbẹ̀. Ká sọ òótọ́, ó dárúkọ wọn nínú ìwé ńlá tó kọ nípa ilé náà ní 1900. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí brevet ọdún 1884 àti ìwé tí Koechlin kọ ọjọ́ sí lórí ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tó bá ní èrò tó dára níbi iṣẹ́, kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó tó gbé e fún ọ̀gá.

Ìparí Eiffel kò dùn bí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ ìlẹ̀kùn omi ní Panama, níbi tí wọ́n ti fẹ́ la ilẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún un wó ní 1889, owó àwọn mẹ̀kúnnù run síbẹ̀. Ní 1893 ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e lọ́dún yẹn, síbẹ̀ ó fi òwò sílẹ̀. Ẹni tó bọ́ sí ipò rẹ̀ láti darí ilé-iṣẹ́ ni Maurice Koechlin.

Ọgbọ́n atẹ́gùn àti ojú ọjọ́ ni Eiffel fi ìyókù ayé rẹ̀ wá. Ó jẹ́ kí àwọn sójà fi orí ilé irin náà gbìyànjú ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìsí okùn, ó tilẹ̀ náwó sí i. Ohun tó gba ilé náà sílẹ̀ nìyẹn nígbà tí 20 ọdún rẹ̀ pé. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1923, ọmọ ọdún 91 ni. Levallois, níbi tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ni wọ́n sin ín sí. Koechlin gbé ilé ayé títí di 1946.