Omidan Frances Benjamin Johnston, Ayàwòrán

A bí Omidan Johnston ní Grafton, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1864. Ó ya àwòrán àwọn ààrẹ ilẹ̀ náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà ogbó, ó kọjú sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìgbèríko Virginia, tí a kọ́ nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jọba níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun òmìnira, púpọ̀ nínú wọn di ahoro. Ní ọdún 1930 àwòrán wọn jáde nínú ìwé. Láti ọdún 1933, ní ẹni ọdún 69, ó la ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án já, ó sì ya àwòrán tí ó ju 7,000 lọ, ti ilé ọlọ́lá àti ti tálákà. Ó sinmi làálàá rẹ̀ ní ọdún 1952. Bí ògiri tilẹ̀ wó, ẹ̀rí wọn ń bẹ ní ilé ìkàwé ìjọba ní Washington.