Dorothy Brooke: Obìnrin tó ra 5,000 ẹṣin tí ogun ti lò gbó ní Íjíbítì

Ẹni tó bá ń gba àdúgbò Post Office kọjá níbí nílùú Ìlọrin kò ní ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì lẹ́nu àwọn àgbà tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba, kí ló máa jẹ lẹ́yìn tó bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì? Ìbéèrè yẹn náà la fẹ́ bi lónìí, àmọ́ kì í ṣe nípa èèyàn. Nípa ẹṣin ni.

Ẹṣin kì í ṣe àlejò ní Ìlọrin. Ẹṣin ni àwọn baba ńlá wa gùn jagun, ẹṣin náà ni àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Gambari, Fúlàní, Ajíkòbí àti Alánamú, pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún Ẹ́míà. Gbogbo wa la mọ ẹṣin nígbà tí wọ́n bá ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tí kàkàkí ń dún. Àmọ́ ta ló ń béèrè ibi tí ẹṣin ń lọ nígbà tí agbára bá ti tán nínú ẹsẹ̀ rẹ̀?

Láwọn orílẹ̀-èdè tí eré ìje ẹṣin ti gbilẹ̀, bíi Britain, wọ́n ti sọ ìbéèrè yìí di iṣẹ́. Ẹṣin eré ìje lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́mọ ọdún 2, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti máa ń kúrò lórí pápá kí wọ́n tó pé ọdún 8. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lò tó ọdún 25 láyé. Ìyẹn ni pé ọdún tí kò fi ní sáré mọ́ pọ̀ fíìfíì ju èyí tó fi sáré lọ. Lọ́dún 2000, wọ́n dá àjọ Retraining of Racehorses sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹṣin tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré lè kọ́ iṣẹ́ míì, ì báà jẹ́ pólò, ì báà jẹ́ fífo igi, ì báà jẹ́ pé kí èèyàn kàn máa gùn ún ṣeré. Ṣùgbọ́n ó ti tó 70 ọdún ṣáájú ìgbà yẹn tí obìnrin kan ti gbé ọ̀rọ̀ ẹṣin tó ti ṣiṣẹ́ tán ka orí ara rẹ̀. Dorothy Brooke lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà ló sì ti ṣe é.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1883 ni wọ́n bí i sí ìdílé Gibson-Craig, ìdílé tó rí jẹ tó rí mu. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ẹṣin. Ó kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ kan, ó bímọ níbẹ̀, àmọ́ ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Lọ́dún 1926 ló fẹ́ Geoffrey Brooke, ọ̀gá sójà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun agẹṣin. Ọkùnrin yìí mọ ẹṣin bí ẹni mọ owó. Ó tún kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹṣin. Nítorí náà, inú ilé tí wọ́n ti mọ iyì ẹṣin ni Dorothy wà kó tó débi iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ká tó lè lóye iṣẹ́ náà, ó yẹ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, ìjọba Britain ti gba ẹṣin tó ju 100,000 lọ lọ́wọ́ aráàlú. Wọ́n gba ti àgbẹ̀, wọ́n gba ti àwọn tó ń fi ẹṣin kó ẹrù, wọ́n sì gba èyí táwọn olówó fi ń ṣọdẹ. Àwọn ọmọ ogun Australia náà kó tiwọn wá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin yìí ló jagun ní Íjíbítì àti Palẹsítínì, nínú yanrìn, nínú òùngbẹ, níbi tí wọ́n ti lè rìn ọjọ́ kan gbáko láìrí omi mu.

Ogun parí lọ́dún 1918. Sójà kó ẹrù wọn, ó di ilé. Ẹṣin ńkọ́? Owó ọkọ̀ ojú omi tó máa kó wọn padà pọ̀, ìbẹ̀rù àìsàn tí wọ́n lè kó wọ̀lú náà sì wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹṣin tí Australia kó lọ sógun, ọ̀kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Sandy ló padà délé. Ní Íjíbítì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin àti ìbaaka ni wọ́n tà fún ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Cairo rà, àwọn tó ń kó òkúta rà, àwọn tó ń ta yanrìn náà rà. Bí àwọn ẹṣin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹṣin tó ń pààrọ̀ iṣẹ́, ká lè mọ ohun tí wọ́n fi dù wọ́n. Ẹṣin eré ìje tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí pápá, ìsinmi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún un, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Wọ́n á dín ọkà rẹ̀ kù, torí ọkà ló ń fún un lágbára eré, wọ́n á wá fi koríko rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹṣin eré ìje mọ̀ ni pé bí ìjánu bá ti le lẹ́nu òun, kóun fi ara tì í, kóun máa bá eré lọ. Wọ́n ní láti kọ́ ọ pé kó rọra, kó dúró. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ kí èèyàn gùn ún, torí bó ṣe ń rìn lọ ni wọ́n máa ń gbé agẹṣin sí i lẹ́yìn. Gbogbo èyí ń gba sùúrù, ó ń gba owó, ó sì ń gba ẹni tó mọṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó ṣe irú èyí fáwọn ẹṣin ogun ní Cairo. Ẹṣin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé sójà sáré, ẹrù òkúta ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni tó rà á náà kò lówó oúnjẹ tó tó, kò lówó dókítà. Egbò á yọ níbi tí okùn ti ń há ẹṣin náà lára, pátákò á sán, ẹsẹ̀ á wú, àfi kó tún jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ojú ẹlòmíì tiẹ̀ ti fọ́.

Lọ́dún 1930, wọ́n gbé ọkọ Dorothy lọ sí Íjíbítì kó lọ ṣe olórí àwọn ọmọ ogun agẹṣin Britain tó wà níbẹ̀. Dorothy bá a lọ. Ó ti gbọ́ nípa àwọn ẹṣin ogun náà tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ku èyí tó wà láàyè. Kò sì pẹ́ tó fi rí wọn lójú pópó. Àmì ọfà tí iléeṣẹ́ ológun Britain fi irin gbígbóná tẹ̀ sí wọn lára ló fi dá wọn mọ̀. Ẹṣin tó bá pé ọdún 5 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti lé lógún ọdún nígbà yẹn. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ rà ni wọ́n ń pè ní Old Bill. Egungun lásán ló kù lára rẹ̀. Nígbà tí Dorothy rí i ló yé e pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹṣin kan tàbí méjì lọ, àti pé owó àpò òun nìkan kò lè ká a.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1931, lẹ́tà rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Morning Post ní London. Ó ṣàlàyé ipò tí àwọn ẹṣin náà wà, ó sì bẹ àwọn tó bá láàánú lójú pé kí wọ́n dá owó láti fi rà wọ́n padà. Àwọn tó ka ìwé ìròyìn náà dá a lóhùn. Iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ tó nǹkan bí £20,000 lówó òde òní. Ó kó ìgbìmọ̀ kan jọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ó sì tó nǹkan bí 5,000 ẹṣin tó rà láàárín ọdún mẹ́ta.

Rírà ló rà wọ́n o, kò fi agbára gbà wọ́n. Ìyàwó ọ̀gá sójà ni, àsìkò tí Britain sì ń pàṣẹ níbẹ̀ ni. Ìbá ti rọrùn fún un láti ní kí ọlọ́pàá máa mú àwọn tó ń lo ẹṣin nílòkulò. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òtòṣì paraku ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹṣin yẹn ni oko wọn, òun ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹni tó bá gba ẹṣin lọ́wọ́ wọn láìfún wọn lówó, oúnjẹ ọmọ wọn ló gbà. Torí náà, owó ló ń san fún wọn.

Ibi tó le jù nínú ìtàn yìí rèé. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin tó rà, kò sí iṣẹ́ kejì tí wọ́n tún lè kọ́ wọn mọ́. Wọ́n ti gbó, wọ́n ti ṣẹ́ léegun, ìrora kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ohun tó lè ṣe fún wọn ni pé kó fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ láti sinmi, kí wọ́n rí oúnjẹ jẹ yó, kí wọ́n rí omi mu, kí wọ́n rí ibi tó rọ̀ dùbúlẹ̀ sí, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá pa wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n jẹ̀rora. Ẹlòmíì lè béèrè pé irú àánú wo nìyẹn. Èmi ò rò pé ó yẹ ká dá a lẹ́bi. Ó ti lé ní ọdún 10 tó ti yẹ kí ẹnì kan ti bójú tó wọn kí òun tó dé. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn kò lè rí ju èyí tó kù ṣe lọ.

Ó sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò dúró síbẹ̀. Ẹṣin ogun ń tán lọ, àmọ́ ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n bí sí Cairo ṣì ń fa ẹrù ní gbogbo òpópónà, lọ́wọ́ àwọn tálákà kan náà. Lọ́dún 1934, ó dá ilé ìwòsàn ẹranko sílẹ̀ ní Cairo, wọ́n pè é ní Old War Horse Memorial Hospital, ní ìrántí àwọn ẹṣin ogun. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ tálákà tó bá mú ẹranko rẹ̀ wá síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí wọ́n tọ́jú ẹranko náà nígbà tí egbò rẹ̀ ṣì kéré, kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ara líle, kí olówó rẹ̀ náà lè rí oúnjẹ gbé délé.

Ọdún 1955 ni Dorothy Brooke kú ní Íjíbítì, wọ́n sì sin ín sí Cairo, nílùú tó ti ṣiṣẹ́ náà. Ẹni ọdún 72 ni.

Ilé ìwòsàn yẹn kò bá a kú. Òun ló di àjọ tí wọ́n ń pè ní Brooke lónìí, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, títí kan Senegal àti Burkina Faso tí kò jìnnà sí wa. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Wọ́n ń fi ẹṣin ṣe pólò ní Nàìjíríà, wọ́n ń gùn ún nígbà ọdún, àwọn kan ń gbé e lọ sóde ìnáwó kí wọ́n lè rí owó díẹ̀. Gbogbo wọn ló máa darúgbó lọ́jọ́ kan. Ìgbà tí ẹṣin bá ṣì lágbára ló yẹ kí olówó rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ wẹ́rẹ́ tó máa fún un ṣe, ẹni tó máa kọ́ ọ, àti ibi tó ti máa jẹ koríko rẹ̀. Bó bá di pé ẹsẹ̀ ti wú, tí ojú ti fọ́, kí wọ́n tó rò ó, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́ ju ohun tí Dorothy Brooke ṣe fún Old Bill àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.