Herman Hollerith, Ẹni Tó Kọ́ Ẹ̀rọ ní Kíka Ènìyàn

Nígbà tí mo ń ṣe IT ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọgbà, ọ̀gá mi ní kí n fi Python ṣa àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń sanwó fún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ jáde nínú fáìlì Excel, kí n kó orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn sínú CSV fún báǹkì. Kóòdù náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ, inú mi sì dùn. Àṣé òdo tó ṣíwájú àwọn nọ́ńbà kan ti pòórá. Owó àwọn tó ni wọ́n kò wọlé, ọjọ́ Ẹtì sì ni. Ojú tì mí gan-an. Ìtàn ayé Hollerith ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1860. Ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé jáde ní Columbia ní 1879, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1880. Ọwọ́ ni wọ́n fi ka gbogbo rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Hollerith bá ronú kan káàdì oníhò. Káàdì kan fún ènìyàn kan, bí ìlà kan nínú Excel. Ihò ibí ń sọ ọjọ́ orí, ihò ọ̀hún ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí wọ́n bá tẹ abẹ́rẹ́ lé káàdì, èyí tó bá bá ihò pàdé yóò kan mẹ́kúrì nísàlẹ̀, iná mànàmáná yóò kọjá, ọwọ́ aago yóò sún síwájú, ìdérí àpótí tó yẹ káàdì náà yóò sì ṣí. Ìṣàwárí nìyẹn, kíkó jáde sì nìyẹn.

Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà ní 1889, wọ́n sì fi ṣe ìkànìyàn 1890. Ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1896 dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 1911, wọ́n sì sọ ọ́ di IBM ní 1924. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1929. Ní 1963, IBM ní ibùdó ìkọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Hollerith kò jẹ́ kí ẹ̀rọ fojú díwọ̀n: ó ti pinnu ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí kó tó lu káàdì. Èmi jẹ́ kí pandas rò pé iye ni nọ́ńbà àkáǹtì, bẹ́ẹ̀ orúkọ ni. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ dtype=str nígbà tí ẹ bá ń ka fáìlì. Bí ẹ bá sì fi Excel ṣí CSV náà, tí ẹ tún tọ́jú rẹ̀, òdo lè sọnù padà.

Ọjọ́ Ajé ni owó àwọn èèyàn náà tó wọlé.