Charles Cross: Ọkùnrin tó sọ igi di òwú aṣọ

Tí èèyàn bá sọ lójà pé igi ni wọ́n fi ṣe aṣọ tóun wọ̀, ẹlòmíì á ní àwàdà ló ń ṣe. Àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ yí ọrùn aṣọ yín síta, kẹ́ ẹ ka àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí viscose, rayon, modal tàbí lyocell níbẹ̀, inú igi ni òwú yẹn ti sábà máa ń wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó la ọ̀nà yìí ni Charles Frederick Cross, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1935. Ìtàn rẹ̀ la gbé wá fún yín lónìí.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1855 ni wọ́n bí Cross ní Brentford, létí odò Thames, nítòsí London. Ó kàwé ní King's College ní London, ó lọ sí Zurich ní Switzerland, lẹ́yìn náà ló wá sí Owens College ní Manchester. Ìlú òwú àti aṣọ ni Manchester láyé ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ló ti mọ Edward John Bevan. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ni wọ́n bí Bevan náà, ṣùgbọ́n ọdún 1856 ni tiẹ̀. Àwọn méjèèjì di kòríkòsùn. Lọ́dún 1885, wọ́n jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní London. Iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ bébà tàbí òwú bá rú lójú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá. Nígbà tó di 1888, wọ́n ti kọ ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe bébà.

Ohun tí Cross fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ̀ wò ni èròjà tí wọ́n ń pè ní cellulose. Òun ló ń gbé igi dúró, òun ló wà nínú koríko, òun náà ló wà nínú èèpo àgbàdo. Òwú tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń ran, cellulose ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Nínú igi, ó lè tó bí ìdajì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti òwú gùn, ó ṣeé ran. Ti igi kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan míì tó mú un le. Báwo lèèyàn ṣe wá lè yọ́ ti inú igi, kó sì tún fà á gùn bí òwú? Ìbéèrè tó gba Cross lọ́kàn nìyẹn.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká àwọn èèyàn lára ni pé ṣẹ́dà wọ́n. Bíi ti sányán wa, kòkòrò ló ń pọ òwú ṣẹ́dà, ìyẹn ló fi jẹ́ aṣọ olówó. Ní France, Hilaire de Chardonnet ti ṣe ṣẹ́dà àtọwọ́dá, ó sì pàtẹ rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1889. Ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ wéré ló máa ń gbaná. Ta ló fẹ́ wọ aṣọ tí iná àtùpà lè ràn mọ́ òun lára?

Lọ́dún 1892, Cross, Bevan àti Clayton Beadle rí ọ̀nà míì, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á se igi títí yóò fi di nǹkan funfun bíi bébà tó nípọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi caustic soda, èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Wọ́n á fún omi ara ẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá po carbon disulphide mọ́ ọn. Á pọ́n bí ọsàn. Tí wọ́n bá tún da caustic soda sí i, á yọ́, á sì ki bí oyin. Nǹkan tó ki bí oyin yìí ni wọ́n sọ ní viscose. Wọ́n á tì í gba inú àwọn ihò tíntìntín bọ́ sínú omi ásíìdì, lójú ẹsẹ̀ ló sì máa gan di òwú.

Cross nìkan kọ́ ló ṣe é o. Charles Stearn, tó ti ń ṣe okùn inú gílóòbù iná, ló mú kí viscose di òwú tó ṣeé hun. Fred Topham ló sì ṣe agolo kan tó ń yí bírí, tó ń lọ́ òwú náà, tó tún ń kó o jọ, lọ́dún 1900.

Ibí yìí ni iléeṣẹ́ Courtaulds ti wọ̀ ọ́. Aṣọ dúdú táwọn òyìnbó fi ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n fi là. Nígbà tí àṣà náà ń kúrò nílẹ̀, wọ́n wá ọjà tuntun. Lọ́dún 1904, wọ́n fi £25,000 ra ẹ̀tọ́ viscose, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Coventry lọ́dún 1905. Nígbà tó di 1910, wọ́n ti sọdá sí Amẹ́ríkà. Owó tí wọ́n rí lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà, £25,000 kò tó nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí kò lówó ṣẹ́dà náà wá ń wọ aṣọ tó ń dán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Carbon disulphide tó ń yọ́ igi, ó ń yọ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu. Ẹni tó bá ń fa èéfín rẹ̀ símú lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú, orí àwọn kan tiẹ̀ dàrú pátápátá. Nǹkan ìyanu kọ́ ni. Lọ́dún 1856, dókítà kan ní France, Auguste Delpech, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀, nítorí ohun tó rí lára àwọn tó ń ṣe rọ́bà. Nígbà yẹn, Cross ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí iléeṣẹ́ viscose kankan tó dìde, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fara gbá a, láti Yúróòpù dé Amẹ́ríkà.

Cross kò yé ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1917, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lókìkí jù ní Bìrìtìkó, Royal Society, gbà á wọlé. Bevan ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú lọ́dún 1921. Ọdún 1924 ni wọ́n fún òwú náà lórúkọ rayon ní Amẹ́ríkà. Cross fúnra rẹ̀ dágbére fáyé ní Hove, létí òkun, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1935.

Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún, Courtaulds kan náà ṣe lyocell, tí kò lo carbon disulphide rárá, tí wọ́n sì ń gba omi tó fi ń yọ́ igi padà láti tún un lò. Iléeṣẹ́ Lenzing ní Austria ló ń ta á lónìí, Tencel ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ viscose bíi ti Cross ló ṣì pọ̀ jù lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ ń fi rayon hun aṣọ òkè, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òmíì máa dán láìsí kòkòrò sányán nínú ẹ̀. Igi náà wà nílẹ̀ wa. Wọ́n ti gbin gmelina rẹpẹtẹ sínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí iléeṣẹ́ bébà Ìwópin. Tẹ́nì kan bá wá lọ́la pé òun fẹ́ máa sọ igi di òwú ládùúgbò wa, iṣẹ́ ni, owó sì ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fún un nílẹ̀, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ta ni yóò gbin òmíì sípò igi tó gé, odò wo ni omi ásíìdì rẹ̀ máa ṣàn sí, kí sì ni àwọn ọmọ wa tó bá gbà síṣẹ́ yóò máa fà símú? Ogún tí Cross fi sílẹ̀ dára, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ lò ó kò béèrè ẹ̀kẹta yẹn lásìkò.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń hunṣọ àti ẹni tó ń ta aṣọ.