Ẹnjiníà Tó Ṣírò Iṣẹ́ Oòrùn

Tí ooru bá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnìkan láàárín wa á ní oòrùn ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ tèmi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí: Milutin Milanković.

Ọmọ Serbia ni. Wọ́n bí i ní 1879 ní Dalj, tó wà ní Croatia lónìí. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ní Vienna ní 1904, ó sì ń fi kọnkéré onírin ṣe afárá àti dáàmù. Ní 1909, ó kó lọ sí Belgrade láti ṣe olùkọ́ yunifásítì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye oòrùn tó ń dé ibi kọ̀ọ̀kan láyé.

Ní 1914, ó gbéyàwó, àwọn méjèèjì lọ sí Dalj, ni ogun bá bẹ́. Ilẹ̀ ọ̀tá nibẹ̀ fún ọmọ Serbia. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò dá ìṣirò rẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Budapest, inú ilé ìkàwé ló wọ̀ lọ.

Kí ló rí? Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po a máa gùn, a sì máa padà rí roboto, ní nǹkan bí 100,000 ọdún. Bí ayé ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ń yí padà, ìyẹn gba 41,000 ọdún. Ayé sì tún ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí òkòtó, ní nǹkan bí 26,000 ọdún. Tí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dín kù ní òkè àríwá, sínóò ò ní yọ́ tán. Á máa gorí ara wọn títí yìnyín á fi bo ilẹ̀.

Ní April 1941, bọ́ǹbù Jámánì fọ́ ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ ìwé ńlá rẹ̀. Wọ́n ní láti tún apá kan tẹ̀. Ó kú ní 1958, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò sì tíì gbà á gbọ́. Ní 1976 ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá jẹ́rìí sí i.

Ẹ wá wò ó: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ìyípadà tirẹ̀ ń gbà. Ooru tiwa yìí ò ju nǹkan bí 150 ọdún lọ. Láti 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn agbára oòrùn, kò lé sí i, síbẹ̀ ayé ń gbóná. Epo, gáàsì àti èédú tí à ń sun ló ń ṣe é.

Nítorí náà, tí ọmọ yín bá bi yín, ẹ má di ẹrù ẹlẹ́rù lé oòrùn lórí.