Thomas Fuller: Ẹrú tí kò mọ̀wé, tó fi orí ṣe ìṣirò ju ẹni tó mú kálàmù lọ

Àwọn ọkùnrin kan láti Pennsylvania ló rìnrìn àjò lọ sí Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹrú kan wà nítòsí ìlú Alexandria tí kò sí irú ìṣirò tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní rí ojútùú sí. William Hartshorne àti Samuel Coates wà lára wọn. Wọ́n ní kí wọ́n pe baba náà wá. Ó ti tó ẹni 70 ọdún nígbà náà, irun orí rẹ̀ ti funfun, iṣẹ́ oko ló sì ti ń ṣe látìgbà tó ti dé ilẹ̀ òyìnbó. Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Thomas Fuller lorúkọ rẹ̀.

Wọ́n bi í pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà nínú ọdún kan àtààbọ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, baba dá wọn lóhùn pé 47,304,000 ni. Wọ́n tún bi í pé ẹni tó bá ti lo ọdún 70, ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 láyé, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló ti lò? Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ péré ló fi ronú sí èyí. Ó ní 2,210,500,800 ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti mú kálàmù, òun náà ń ṣe ìṣirò yẹn sórí ìwé. Nígbà tó parí, ó ní baba ti ṣì í, pé iye tó dárúkọ ti pọ̀ jù. Kíá ni Fuller rán ọ̀gbẹ́ni náà létí pé ó ti gbàgbé àwọn ọdún tí oṣù Kejì máa ń ní ọjọ́ 29. Nínú ọdún 70 tí wọ́n ń sọ yìí, irú ọdún bẹ́ẹ̀ jẹ́ 17. Ọkùnrin náà bá fi ọjọ́ 17 kún tirẹ̀, ló bá di pé iye tó wà lórí ìwé bá ti orí baba mu géẹ́.

Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú

Ọdún 1710 ni wọ́n bí i ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní agbègbè etíkun tó wà láàárín orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Liberia àti Benin lónìí. Thomas Fuller kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, Amẹ́ríkà ló ti di Fuller. Ní ọdún 1724, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí ẹrú, wọ́n sì gbé e sọdá òkun lọ sí Virginia.

Ọ̀dọ̀ Presley Cox àti ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, ló wá ń ṣe iṣẹ́ oko. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ yìí gan-an kò mọ̀wé, torí náà kò sí ẹni tó máa jókòó tì í kọ́ ọ ní ìwé tàbí ìṣirò nínú ilé yẹn. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn kan fẹ́ fi owó ńlá rà á, àmọ́ Elizabeth Cox kò tà á. Baba náà máa ń dúpẹ́ pé obìnrin yìí kò ta òun. Ẹ wo irú ìgbésí ayé tó jẹ́ pé nǹkan tí èèyàn máa dúpẹ́ fún ni pé wọn kò tún òun tà.

Irun ìrù màlúù

Fuller ṣàlàyé fún àwọn àlejò rẹ̀ bí òun ṣe kọ́ ara òun. Ó kọ́kọ́ ka nǹkan dé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó kà á dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó kà á dé ibẹ̀, ó rò pé òun ti gbọ́n gan-an. Ló bá di ìrù màlúù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irun 2,872 ló bá níbẹ̀.

Kò fi mọ síbẹ̀ o. Ó kó òṣùwọ̀n àlìkámà kan kalẹ̀, ó kà á ní hóró-hóró. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún irúgbìn ọ̀gbọ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn lè sọ pé eré ọmọdé ló ń ṣe, pé kí ló fẹ́ fi iye irun ìrù màlúù ṣe? Àmọ́ ibi eré yẹn ni iṣẹ́ ti jáde. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n ń bi pé pákó pẹlẹbẹ mélòó ló máa bo òrùlé ilé tó fẹ̀ tó báyìí, tó gùn tó báyìí. Òun ni wọ́n ń bi pé òpó àti igi ìdábùú mélòó ló máa yí oko ká, àti pé hóró irúgbìn mélòó ló máa tó ilẹ̀ kan. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ sọ pé ọ̀gá rẹ̀ obìnrin jẹ àǹfààní púpọ̀ nínú ọgbọ́n orí rẹ̀ yìí.

Nǹkan mìíràn tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé, bó bá ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ tí ẹnì kan dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀, ó lè bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tẹ́rùn, kó sì padà sí ibi tó bá ìṣirò rẹ̀ dé láì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àlejò ọjọ́ yẹn tún gbé ìbéèrè kẹta kalẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí abo mẹ́fà. Tí gbogbo wọn bá ń bí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìyá àtọmọ, abo ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ni àgbẹ̀ yìí máa ní lópin ọdún kẹjọ?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Fuller lò lórí èyí, torí pé ìbéèrè náà kò kọ́kọ́ yé e dáadáa. Nígbà tó yé e, ó ní 34,588,806 ni. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè ṣe é báyìí: abo ẹlẹ́dẹ̀ kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà di méje, torí náà ìlọ́po méje ni gbogbo wọn ń di lọ́dọọdún. Mẹ́fà á di 42, 42 á di 294, 294 á di 2,058, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tá a fi máa dé ọdún kẹjọ. Ẹ fi kálàmù ṣe é, kí ẹ wo iye ìgbà tí ẹ máa pa á rẹ́.

Coates wá sọ ọ́ lójú baba náà pé ó ṣeni láàánú pé ẹni tó lọ́pọlọ tó báyìí kò rí ilé ìwé lọ. Fuller kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dára bí òun kò ṣe kàwé, torí pé púpọ̀ nínú àwọn tó kàwé ló jẹ́ òmùgọ̀.

Ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú aráyé

Ìdí tí ìtàn yìí fi dé etí wa ni pé ìjà ńlá kan wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1787, ìwé tí Thomas Jefferson kọ nípa Virginia jáde ní ìlú London. Nínú ìwé náà, ó sọ pé èrò òun ni pé làákàyè aláwọ̀ dúdú kò tó ti aláwọ̀ funfun rárá, àti pé agbára káká ni aláwọ̀ dúdú kan fi máa lóye ìmọ̀ ìṣirò tó jinlẹ̀. Jefferson yìí náà ló wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Inú Virginia kan náà ni òun àti Fuller ń gbé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1788, Benjamin Rush, dókítà ní Philadelphia tó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, kọ ìtàn Fuller ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń jà ní Pennsylvania pé kí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu Hartshorne àti Coates ló gbé e kà. Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì dé òkè òkun. Bí àwọn kan bá ti ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ronú, àwọn tó ń jà fún ẹrú á ní kí wọ́n lọ bi baba tó wà nítòsí Alexandria.

Ṣé orí ìrù màlúù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́?

Ìtàn tí Rush kọ dùn, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kò gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtàn náà ṣe lọ, ó dà bí ẹni pé òfìfo ni orí Fuller nígbà tó dé Virginia, tó wá ń ti ọ̀kan dé mẹ́wàá kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1990, tó pé igba ọdún tí Fuller kú, John Fauvel àti Paulus Gerdes kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀. Gerdes yìí ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ìṣirò inú àṣà àwọn èèyàn Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè Mozambique. Ìbéèrè tí wọ́n gbé dìde rọrùn: ọmọ ọdún 14 tó ti etíkun Áfíríkà wá, ṣé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan nílé ni?

Ìwé kò dárúkọ ìlú Fuller tàbí ẹ̀yà rẹ̀, torí náà kò sí ẹ̀yà kan tó lè ní tòun nìkan ni. Àmọ́ gbogbo èèyàn ló mọ irú ọjà tó wà ní agbègbè yẹn. Jean Barbot, oníṣòwò ará Faransé tó dé etíkun yìí ṣáájú ọdún 1700, kọ ọ́ sílẹ̀ nípa àwọn ará Ouidah pé orí ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó, tó ń yá tó sì ń péye bíi ti òyìnbó tó mú kálàmù àti tàdáwà.

Nílẹ̀ Yorùbá, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Wọ́n ń sín 40 sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó gbé láàárín Yorùbá, ṣàlàyé bí àwọn tó ń kówó ṣe máa ń dà á sílẹ̀, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún, tó ń di 20, tó ń di 100, tó ń di 200. Ọmọ tó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ nírú ọjà bẹ́ẹ̀ kò nílò pátákó ìkọ̀wé kó tó mọ ìlọ́po.

Kódà, ìṣirò wà nínú ọ̀nà tá a gbà ń pe iye. Ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ṣe iṣẹ́ mẹ́ta láìfura: ó mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn ọgọ́ta, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta, ó tún yọ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, tí wọn kò sì sọ fún wọn rí ní kíláàsì pé ìṣirò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí ní Recife, ní Brazil, gbé ìwádìí kan jáde nípa ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè owó níbi tí wọ́n ti ń tajà, wọ́n gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé, nọ́ḿbà lásán láìsí ọjà, ó wálẹ̀ sí 37. Ọmọ kan náà ni, orí kan náà ni.

Ìkẹyìn Fuller

Thomas Fuller kú ní ìparí ọdún 1790, ẹni 80 ọdún. Ẹrú ni títí tó fi kú. Ìwé ìròyìn Columbian Centinel ní ìlú Boston gbé ìkéde ikú rẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká ní ó rí àǹfààní tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rí ni, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní London àti Paris, àti Newton fúnra rẹ̀, kì bá má tijú láti pè é ní arákùnrin.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó béèrè ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ kí wọ́n tó gbé e wọkọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lónìí lè tètè béèrè tiẹ̀. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí, tó mọ ṣéńjì fún oníbàárà láìfi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é, tó wá ń gba òdo ní kíláàsì, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é lọ́jà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.